Kí o tó ra ṣòkòtò mìíràn fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, yí èyí tí o ní sóde wò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni mò ń gùn, inú igbó ni mo sì ti máa ń gùn ún, bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí òtútù ti dé, ẹrẹ̀ ti gba gbogbo ojú ọ̀nà. Mo ra ṣòkòtò tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé omi kì í wọ̀ ọ́, síbẹ̀ kí n tó délé, inú rẹ̀ á ti tutù rinrin, orúnkún mi á sì ti gan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra èyí tó nípọn, tó ní ìtẹ́nú onírun. Òmíràn ní kí n máa wọ ṣòkòtò péńpé lé táìtì lórí. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì ná owó kankan. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì tọ̀nà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n máa wo àìsàn tí kò ṣe ọ́, torí kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ ibi tí omi yẹn ti ń wá. Ọ̀nà mẹ́rin ni omi ń gbà dé inú ṣòkòtò ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀, ohun tí a ó sì ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Nígbà tí o bá tún dé láti inú igbó, kí o tó ju ṣòkòtò náà sínú omi, bọ́ ọ, yí i sóde, kí o sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí o bá rí i pé omi wínníwínní ló ta sí gbogbo iwájú itan àti ẹ̀yìn orúnkún, tí kò sí ojú ibì kan pàtó tó ti bẹ̀rẹ̀, òógùn rẹ ni. Bí ibi tó tutù bá gba ojú ìdí nìkan, tó sì rí gẹ́lẹ́ bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ ṣe rí, omi tí táyà ẹ̀yìn ń ta sókè ni o jókòó lé, tí o sì ń fi ìwúwo ara rẹ tẹ̀ wọlé. Bí ó bá jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tọ ojú rírán lọ, téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rírán yẹn ti ń ṣí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló tutù jù, tí ọ̀rinrin náà ń dínkù bó ṣe ń gòkè lọ sí ojúgun, ìbọ̀sẹ̀ rẹ ló ń fa omi láti inú bàtà. Fi ìka méjì ra ibi tó tutù náà pọ̀. Bí iyanrìn bá ń họ ọ́ lọ́wọ́, ìta ló ti wọlé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. (Bí o bá tún fẹ́ ẹ̀rí sí i, gbóòórùn rẹ̀, bí ọkàn rẹ bá gbé e.)

Bí mo bá máa méfò láti ibi tí mo wà, òógùn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Nínú gbogbo agbára tí ara ń lò láti wa kẹ̀kẹ́, bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú márùn-ún péré ló ń dé orí pẹ́dà. Ooru ni gbogbo ìyókù, inú itan ni àwọn iṣan tó tóbi jù lára sì wà. Bí o bá ń gun òkè, oru òógùn á gbéra lára itan rẹ, á lọ kan aṣọ tí afẹ́fẹ́ ìta ti mú tutù, á sì tún di omi níbẹ̀. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ ní awọ tín-ín-rín kan nínú tó yẹ kó jẹ́ kí oru náà jáde. Ó ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ìwọ̀nba yẹn lè tó ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fi ogún ìṣẹ́jú gun òkè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ á ṣe òógùn ju ohun tí awọ náà lè gbé jáde lọ, ì báà jẹ́ èyí tó gbówó lórí jù.

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n sábà máa ń kọ sára irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ dá lórí omi: 10,000 mm, 20,000 mm àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń sọ ni bí omi tí wọ́n gbé lé aṣọ náà lórí ní yàrá àyẹ̀wò ṣe ga tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò: mítà 10, mítà 20. Òjò tó ń rọ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdí tó jókòó lé aṣọ tútù, tàbí orúnkún tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nígbà tí o ń pààrọ̀ rọ́bà inú táyà, ń ti omi wọlé ju òjò lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń wo ohun tó bá kéré sí 10,000 fún ojú ìdí. Nọ́ńbà kejì ni ti oru, ìyẹn iye gíráàmù tó lè gba inú aṣọ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóròó kọjá láàárín wákàtí 24. Òun ló kàn ọ́ jù, ṣùgbọ́n má fi ti ilé iṣẹ́ kan díwọ̀n ti òmíràn, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n kò dọ́gba. Ní tèmi, síìpù gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, tí mo lè ṣí bí mo bá ń gòkè, tí mo sì lè fà pa bí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wúlò ju kí nọ́ńbà oru fi ìlọ́po méjì pọ̀ sí i.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Wọ́n máa ń kun ojú ìta àwọn aṣọ yìí ní oògùn kan tó ń jẹ́ kí omi máa yí dànù bíi ti orí ewé kókò. Bí oògùn yẹn bá ti ṣá, aṣọ ìta á mu omi, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú sí i, á wúwo, á sì lẹ̀ mọ́ itan. Omi ò tíì kọjá awọ inú o, ṣùgbọ́n oru kò rọ́nà jáde dáadáa mọ́, òtútù aṣọ tó ti mumi á sì máa wọ ara. Ẹni tó wọ̀ ọ́ á ní ó ti ń jò. Nígbà tí tìrẹ bá gbẹ, da omi díẹ̀ sí i lórí itan àti ní ìdí. Bí omi náà bá yí kúrò, kò sí wàhálà. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí aṣọ sì mu ún, fífọ̀ àti oògùn tuntun ló nílò, kì í ṣe pààrọ̀.

Èyí tún ṣẹlẹ̀ gan-an sí àwọn ṣòkòtò tuntun. Èròjà tó wà lára ẹbí tí wọ́n ń pè ní PFAS ni wọ́n ń fi ṣe oògùn yẹn tẹ́lẹ̀. Nítorí pé kì í jẹrà bọ̀rọ̀ nínú omi àti ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti fi í sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ń lé omi, ṣùgbọ́n kò lè lé òróró bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà gíríìsì ṣéènì àti òróró ara máa ń tètè borí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ṣòkòtò rẹ̀ ti àtijọ́ ṣe ń pẹ́ kí ó tó béèrè fún fífọ̀, kó má fi tuntun wé e.

Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ìjókòó kẹ̀kẹ́ lo rí nínú ṣòkòtò, mọ́gáàdì ni kí o lọ rà. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn ènìyàn ṣe ń náwó gọbọi lórí aṣọ, tí wọn ò sì fẹ́ fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ torí pé kò ní dára lójú. Kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ìjókòó ń gba ìdí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dáàbò bo ẹ̀yìn itan. Èyí tó gùn, tó sún mọ́ táyà, ló ń ṣe é. Kẹ̀kẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀kù lẹ́yìn ni kí o fura sí: tẹ ìjókòó wálẹ̀ títí ṣọ́ọ̀kù á fi sún dé òpin, kí o sì rí i pé táyà ò kan mọ́gáàdì. Bí ìjókòó rẹ bá jẹ́ irú èyí tó ń lọ sókè sódò, gbé e sísàlẹ̀ pátápátá kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìdí ni péńpé inú, èyí tó ní fóòmù ní ìdí, tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò. Fóòmù yẹn á mu omi ẹrẹ̀, iyanrìn tó kúnná á wọnú rẹ̀, ìwọ náà á sì máa fi ìdí lọ̀ ọ́ fún wákàtí méjì. Egbò tó máa ń ti ibẹ̀ yọ lè má jẹ́ kí o gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Má wọ pátá sábẹ́ rẹ̀, torí ojú rírán pátá lè bó ara. Bí o bá sì ti sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, bọ́ ọ kíákíá. Má jókòó nínú rẹ̀ máa tàkúrọ̀sọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìtẹ́nú onírun. Fún ẹrẹ̀, mi ò gbà á. Ìtẹ́nú tí wọ́n rán mọ́ ṣòkòtò kò ṣeé bọ́ nígbà tí ooru bá mú ọ lórí òkè. Á mu òógùn, kò ní tètè gbẹ, bí o bá sì dúró díẹ̀ láti tún kẹ̀kẹ́ ṣe, omi tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru ara rẹ. Omi ń gbé ooru lọ ní bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìnípọn aṣọ tó ti rin kò gba ènìyàn. Òwú ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, jíìnsì sì ni baba wọn. Irun àgùntàn merino lè mu omi tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ kí ó tó máa dà bí ohun tó tutù lára, ó sì ṣì ń móoru díẹ̀ nígbà tó bá rin. Polyester kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá, ó sì ń yára gbẹ. Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni kó wà lára awọ rẹ, kí ó fúyẹ́, kí ó sì jẹ́ ohun tó dá dúró lọ́tọ̀, tí o lè wọ̀ tàbí kí o fi sílẹ̀.

Orúnkún ni mo fẹ́ kí o fún ní ohun tó nípọn díẹ̀. Kò ní ẹran púpọ̀ lórí, òun ló ń kọjú sí atẹ́gùn, kò sì ń dúró sójú kan. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní 5°C, tí o sì ń sáré 20 km láàárín wákàtí kan, ohun tí ara tó wà ní ìhòòhò máa mọ̀ kò ju bíi 1°C lọ. Tìrẹ ò sí ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n aṣọ tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn fẹ́rẹ̀ẹ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ojú títì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wọ ìbora orúnkún, aṣọ ribiti kan tó ń rọra fún orúnkún. Rà á, wọ̀ ọ́ sábẹ́ ṣòkòtò, kí o sì ki etí òkè rẹ̀ bọ abẹ́ rọ́bà péńpé inú rẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa yọ̀ sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí o bá ń wọ páàdì orúnkún nítorí ìṣubú, páàdì yẹn ń ṣe iṣẹ́ kan náà, o ò nílò méjèèjì.

Ẹni kejì tó ní péńpé lórí táìtì kò sọ̀rọ̀ òfo o. Bí péńpé náà bá jẹ́ èyí tí omi kì í wọ̀, ó ti bo ìdí àti òkè itan, ìyẹn ibi tí omi ti ń wọlé jù, ó sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí oru lè jáde. Táìtì á tutù ní ojúgun, ẹrẹ̀ á ta sí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń wa pẹ́dà á mú un móoru. Ẹni tó bá ń gun òkè púpọ̀, tí kì í dúró pẹ́, ni mo máa ń sọ èyí fún. Àbùkù rẹ̀ wà nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún, torí ẹ̀gún kan ṣoṣo á fa táìtì ya, omi tó ń sàn wálẹ̀ lójúgun á sì dé inú bàtà. Ṣòkòtò gígùn ló dára fún ẹni tó máa ń dúró de àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí tó ń gun ibi tí ẹrẹ̀ dé agbede táyà. Òun náà ló rọrùn láti fọ̀: o lè dúró nínú rẹ̀ kí o fi omi rọ́bà ṣan ẹrẹ̀ dànù kó o tó wọlé.

Fún wákàtí méjì sí mẹ́ta tí o sọ, bí mo bá fẹ́ mú ọ̀kan, ṣòkòtò gígùn tó fúyẹ́, tí kò ní ìtẹ́nú, ni màá mú. Kí ojú ìdí àti iwájú orúnkún rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí omi kì í wọ̀, kí ẹ̀yìn orúnkún àti òkè ìdí sì jẹ́ aṣọ tó ń nà, tó ń mí. Irú ṣòkòtò tí wọ́n fi aṣọ méjì rán pọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ nylon ló pọ̀ jù nínú aṣọ ìta rẹ̀, á pẹ́ ju polyester lọ níbi tí ẹrẹ̀ oníyanrìn ti ń họ ọ́.

Má rà á láìwọ̀ ọ́ wò pẹ̀lú páàdì orúnkún àti péńpé inú tí o máa fi sábẹ́. Jókòó, kí o sì gbé orúnkún sókè bí ìgbà tí pẹ́dà bá wà lókè pátápátá. Wo nǹkan méjì. Ṣé ẹ̀yìn ìdí rẹ ṣì bò, àbí aṣọ ti sọ̀kalẹ̀ tí ìbàdí fi yọ? Ṣé etí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò ṣì bo ọrùn ìbọ̀sẹ̀? Lẹ́yìn náà, fún aṣọ ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀. Bí ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ bá ju ìbú ìka méjì lọ, eyín jíà máa jẹ ẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀ ya. Síìpù kékeré ní ọrùn ẹsẹ̀ dára, kí o lè bọ́ ṣòkòtò láìkọ́kọ́ bọ́ bàtà tó kún fún ẹrẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ tí omi kì í wọ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òkè rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Bí omi bá bá ojúgun sàn wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Nítorí náà, ṣòkòtò ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìbọ̀sẹ̀, kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀ lórí ṣòkòtò, bó ti wù kó dára lójú tó. Má sì wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó ti fún tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ìka ẹsẹ̀, òtútù á sì mú ọ ju ti ìbọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí bàtà rẹ bá jẹ́ irú èyí tó ń há mọ́ pẹ́dà, gbé ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ sókè, kí o sì lẹ téèpù mọ́ ojú ihò tí wọ́n fi de irin tó ń há mọ́ pẹ́dà. Omi àti atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ tó tutù jù kọ́ ló le jù fún ẹsẹ̀ o. Nígbà tí ilẹ̀ bá dì, ẹrẹ̀ ti di òkúta, kò sí omi tó ń ta. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bọ́ ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀ sílẹ̀. Táìtì onírun tí ọ̀rẹ́ rẹ àkọ́kọ́ ń sọ, pẹ̀lú ṣòkòtò lásán tó ń dá atẹ́gùn dúró lórí rẹ̀, ló máa bá ọ lára mu. Láàárín bíi 1°C sí 6°C ni ìyà wà, torí omi pọ̀, kò sì dì. Bí ó bá kọjá 10°C, péńpé àti páàdì orúnkún ti tó ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ojúgun máa tutù lọ.

Fún fífọ̀, ṣan ẹrẹ̀ dànù pẹ̀lú omi tútù tí kò lágbára, kí o tó fi í sínú ẹ̀rọ. Omi alágbára a máa ti iyanrìn wọ ojú rírán. Fa gbogbo síìpù pa, lo 30°C àti ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún irú aṣọ yìí. Má da oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i láéláé, ó máa ń bo ojú aṣọ, omi á sì máa rí ibi dì mọ́. Bí àmì ara rẹ̀ bá gbà á láyè, fi í sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ pẹ̀lú ooru díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ooru nìkan ti tó láti jí oògùn tó ṣá. Bí kò bá jí, ìgbà yẹn ni kí o ra èyí tí wọ́n ń fọ́n sí i, kí o sì fọ́n ọn sí aṣọ tó mọ́. Orí ìdọ̀tí kò ní dì mọ́.

Téèpù tó bá ṣí níbì kan ṣeé tún lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awọ inú ṣòkòtò bá ti ń bó jáǹrẹ̀jáǹrẹ̀ ní orúnkún, kò sí oògùn fún un mọ́. Wo ojú ìdí kí o tó sọ ọ́ nù. Bí omi ò bá tíì máa gba ibẹ̀ kọjá, fi àlùmọ́gàjí gé ẹsẹ̀ méjèèjì dànù ní ìsàlẹ̀ orúnkún, o ti ní péńpé tí ọ̀rẹ́ rẹ kejì ní kí o rà nìyẹn.